Ìka Méjì Lábẹ́ Téèpù

Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Bí wọ́n bá ní kí ẹ ka àwọn onísùúrù àdúgbò wa, ẹni tí ẹ máa kọ́kọ́ kà ni Jẹ́jẹ́ káfíńtà. Orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ ti dàwátì lẹ́nu aráyé. Jẹ́jẹ́ ló ń rìn, jẹ́jẹ́ ló ń sọ̀rọ̀, bí ìṣó bá sì gún un lọ́wọ́, àfi bí ẹni pé ìṣó ló máa bẹ̀ pé kó má bínú. Ìdí nìyí tí ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé yẹn fi ya gbogbo ènìyàn lẹ́nu, tó sì ya òun fúnra rẹ̀ lẹ́nu jù wọ́n lọ.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ bó ṣe mọ Aránṣọ, àfẹ́sọ́nà rẹ̀. Ọdún méjì ṣáájú ni wọ́n pè é sí ṣọ́ọ̀bù obìnrin náà nítorí tábìlì tó fi ń gé aṣọ ń mì.

"Ẹsẹ̀ wo ló ń mì nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin?" ló béèrè.

"Ẹ̀yin lẹ mọ ẹsẹ̀ tábìlì, ọ̀gá. Ẹsẹ̀ ṣòkòtò ni tèmi."

Jẹ́jẹ́ rẹ́rìn-ín, ó wọ abẹ́ tábìlì lọ. Nígbà tó yọ téèpù irin rẹ̀ láti wọn ẹsẹ̀ náà, Aránṣọ fi èyí tó gbé kọ́rùn hàn án.

"Iṣẹ́ kan náà là ń ṣe," ni obìnrin náà wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, téèpù la jọ fi ń jẹun. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé igi tèmi kì í bá mi jiyàn pé òun ò sanra."

Aránṣọ rẹ́rìn-ín títí ó fi wá ibi jókòó sí. Iṣẹ́ wákàtí kan ni tábìlì yẹn, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mẹta ni Jẹ́jẹ́ tún padà wá wò ó bóyá ó ṣì ń mì. Tábìlì ò mì mọ́. Ọkàn rẹ̀ ló ń mì. Nígbà tí yóò fi di ìkẹta, Aránṣọ alára sọ fún un pé kó jókòó, kó yé fi tábìlì bojú.

Fún ọdún méjì ni obìnrin náà fi ń rán aṣọ fún un. Ó ti wọn àyà, ó ti wọn apá, ó ti wọn ìbàdí, gbogbo rẹ̀ wà ní ojú ewé kan tó jẹ́ ti Jẹ́jẹ́ nínú ìwé ìwọ̀n rẹ̀. Ọrùn nìkan ni kò sí níbẹ̀. Bí ọwọ́ obìnrin náà bá ti ń lọ sókè báyìí, Jẹ́jẹ́ á di téèpù mú, á fi ẹ̀rín bò ó: "Fi ọrùn sílẹ̀, ooru ń mú mi, mi ò fẹ́ kọ́là." Aránṣọ á fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé bóyá ọrùn rẹ̀ gùn ju téèpù lọ ni. Ọ̀rọ̀ náà á parí síbẹ̀.

Àmọ́ wọ́n ti dá ọjọ́ ìgbéyàwó báyìí, ṣẹ́ẹ̀tì ọkọ ìyàwó sì ní láti ní kọ́là. Lọ́jọ́ Sátidé tí à ń wí, Màmá tó bí Aránṣọ jókòó létí fèrèsé, oníbàárà kan sì dúró ń retí aṣọ rẹ̀. Aránṣọ gba ẹ̀yìn wá. Ó ti rò pé ara Jẹ́jẹ́ ti mọ òun tó bẹ́ẹ̀. Ó gbé téèpù yí ọrùn rẹ̀ ká, ó sì ki ìka méjì bọ abẹ́ rẹ̀ níwájú ọ̀nà ọ̀fun, gẹ́gẹ́ bí gbogbo aránṣọ ti máa ń ṣe kí kọ́là má baà fún ẹni tó ni ín.

Jẹ́jẹ́ ò mọ ohun tó tẹ̀lé e. Ìgbà tí ojú rẹ̀ là, Aránṣọ wà nílẹ̀, etí tábìlì ti ya á ní ìgbọ̀nwọ́, ẹ̀jẹ̀ ń kán. Tábìlì tí òun fọwọ́ ara rẹ̀ tún ṣe náà ni. Oníbàárà ti sún sẹ́nu ọ̀nà.

"O ti ọmọ mi lulẹ̀!" Màmá ti dìde. "Lójú mi! Kí ló ṣe fún ọ?"

Ọ̀rọ̀ tó yẹ kó sọ wà níbẹ̀. Dípò rẹ̀, ohun tí Jẹ́jẹ́ gbọ́ tí ẹnu òun ń sọ ni: "Ẹ má bínú, Màmá. Inú ló bí mi."

Irọ́ ni. Inú kankan ò bí i. Wọ́n máa ń sọ pé ikú yá ju ẹ̀sín lọ. Ní ti Jẹ́jẹ́, kí wọ́n pè é ní ìkà yá ju ẹ̀sín lọ. Ìkà, ó kéré tán, ọkùnrin ni. Ọkùnrin tó ń bẹ̀rù ìka méjì, kí la ó pe ìyẹn?

"Inú bí ọ." Ohùn Màmá rọlẹ̀, ìyẹn sì burú ju ariwo lọ. "Mo ti fẹ́ ọkùnrin tí inú máa ń bí rí. Ọdún mọ́kànlá ni mo lò níbẹ̀. Ọmọ mi ò ní lo ọjọ́ kan. Máa lọ."

Aránṣọ ń wò ó láti ilẹ̀ bí ẹni tó ń wá ojú ẹni tó mọ̀ láàárín èrò. Jẹ́jẹ́ ò lè wò ó padà. Ó mú òòlù rẹ̀, ó jáde.

* * *

Lọ́jọ́ kẹta, Àǹtí wọ ibi iṣẹ́ rẹ̀. Àbúrò Màmá ni Àǹtí, òun sì ni alárinà láàárín ilé méjèèjì. Kì í ṣe alárinà tó ń fi ẹnu lásán ṣiṣẹ́ o. Ó ní ìwé pupa kan tó máa ń kọ ìwádìí sí: irú ìdílé tí ọkùnrin ti wá, ẹni tó kọ́ ọ níṣẹ́, bó ṣe ń bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀, bó ṣe ń ṣe nígbà tí ebi bá ń pa á. Tọkọtaya mẹ́rìnlá ló ti so pọ̀, kò sì sí èyí tó tíì tú.

Ó gbọn èérún igi kúrò lórí àpótí kan, ó jókòó.

"Màmá ní kí n wá sọ fún ọ pé ó ti parí. Mo ti sọ ọ́. Iṣẹ́ tí wọ́n rán mi ti tán. Ó wá ku èyí tí mo rán ara mi."

"Ẹ̀bi mi ni, Àǹtí. Kò sí nǹkan tí mo fẹ́ sọ."

"Èmi ní nǹkan tí mo fẹ́ sọ. Mo bi ọmọ wa bóyá o ti gbá a létí rí. Ó ní rárá, pé ìgbà tí òun fọwọ́ kan ọrùn rẹ nìkan lo ti òun. Mo bi aládùúgbò rẹ. Ó ní bí alángbá bá wọlé rẹ, ńṣe lo máa ń ṣílẹ̀kùn fún un kó lè ríbi jáde. Mo tún ìwé mi yẹ̀ wò. Kò sí ibi tí mo kọ ọ́ sí pé inú máa ń bí ọ, ìwé mi kì í sì í purọ́. Nítorí náà, mo fẹ́ bi ọ́ léèrè kan." Ó sún mọ́ ọn. "Ta ló máa ń di ọ́ lọ́rùn mú?"

Ayùn dúró nínú igi. Jẹ́jẹ́ rí i pé ọwọ́ òsì òun ti wà lọ́rùn òun. Kò mọ ìgbà tó débẹ̀.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́."

"Mi ò ní kí o sọ ọ́ fún mi. Mo ní kí o wá ẹni tó mọ̀ nípa rẹ̀ sọ ọ́ fún."

"Ojú ń tì mí." Ọ̀rọ̀ náà jáde wẹ́rẹ́, bí ẹni ọdún mẹ́sàn-án. "Mo ti di ọkùnrin ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Ojú ń tì mí, Àǹtí. Ẹ má sọ fún un. Ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni."

"Alárinà ni mí, n kì í ṣe rédíò."

* * *

Olùtọ́jú ọkàn àkọ́kọ́ tí Jẹ́jẹ́ fúnra rẹ̀ wá rí, ẹni tó ń gba ènìyàn nímọ̀ràn lórí ìdààmú ọkàn, wà lókè ilé olóògùn kan. Ọkùnrin oníwà pẹ̀lẹ́ ni. Ó gbọ́ ìdajì gbólóhùn, ó mi orí.

"Ẹ̀gbọ́n yín tó tọ́ yín dàgbà lẹ ń wí yìí? Tó rán yín nílé ẹ̀kọ́? Ẹ dárí jì í, arákùnrin. Ẹ tiẹ̀ lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọkàn yín á fúyẹ́."

Ọkàn rẹ̀ ò fúyẹ́. Ẹ̀rù kan ló gbé lọ, méjì ló gbé bọ̀, torí pé òótọ́ wà nínú ohun tí ọkùnrin náà sọ. Ẹ̀gbọ́n ló tọ́ ọ lóòótọ́. Nígbà tí bàbá wọn kú, gbogbo mọ̀lẹ́bí ló yẹra fún ọmọ náà, Ẹ̀gbọ́n nìkan ló ní òun á gbà á. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ni, ẹni tí gbogbo ìlú ń dọ̀bálẹ̀ fún. Ọwọ́ kan náà tó ń bu oúnjẹ tó pọ̀ jù sí abọ́ Jẹ́jẹ́ ni ọwọ́ tó ń mú un lọ sí balùwẹ̀.

Ẹnì kejì wà nílé ìwòsàn ńlá, dókítà ọ̀dọ́ kan tó ní fọ́ọ̀mù. Ó fẹ́ kó sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Jẹ́jẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ dé ẹnu ilẹ̀kùn balùwẹ̀, èémí sì tán nínú rẹ̀ pátápátá. Ó sáré sọ̀ kalẹ̀ ní àjà mẹ́ta láìwẹ̀yìn. Fìlà rẹ̀ wà níbẹ̀ títí dòní.

Nígbà tí Àǹtí gbọ́, inú bí i gan-an.

"Bí wọ́n ṣe ń yan ọkọ nìyẹn? O kan ilẹ̀kùn, ẹni tó bá ti dáhùn lo fẹ́? Ta ló bá ọ wádìí wọn?"

"Ṣé wọ́n máa ń wádìí dókítà ni, Àǹtí?"

"Ẹni tó fẹ́ wọ inú ọkàn rẹ! Ọkọ gan-an, inú yàrá lásán ló ń wọ̀."

Ó ṣí ojú ewé tuntun nínú ìwé pupa. Ó kọ́kọ́ lọ bá nọ́ọ̀sì kan tó so pọ̀ mọ́ ọkọ rẹ̀ ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn. Ibẹ̀ ló ti gbọ́ pé ẹ̀kọ́ ọ̀tọ̀ ni ẹ̀kọ́ ìtọ́jú ọgbẹ́ ọkàn, pé kì í ṣe gbogbo olùtọ́jú ló kọ́ ọ. Ó tún gbọ́ pé àwọn kan wà nínú wọn tó gbà pé ilé ni inú ènìyàn, èèyàn sì pọ̀ nínú rẹ̀: ẹnì kan ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, ẹnì kan sá pamọ́ sábẹ́ ibùsùn, ẹnì kan ń rẹ́rìn-ín sí àlejò kí wọ́n má baà wo inú yàrá. Wọ́n ní ńṣe ni wọ́n máa ń bá wọn sọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Wọ́n ti ń pè mí ní wèrè nìyẹn," ni Jẹ́jẹ́ wí.

"Nígbà tí o fẹ́ dẹnu ìfẹ́ kọ ọmọ wa, ìwọ lo sọ fún mi pé ọkàn kan ní kí o lọ, ọkàn kan ní kí o dúró. Ṣé wèrè lo ya nígbà náà?"

Jẹ́jẹ́ ní kó máa wádìí lọ.

Àwọn méje ni Àǹtí yẹ̀ wò láàárín oṣù kan. Ẹnì kan ń tẹ fóònù bó ṣe ń bá a sọ̀rọ̀, ó fagi lé e. Ẹnì kan ní ọjọ́ mẹ́ta lòun máa fi wo ọgbẹ́ náà sàn. Àǹtí kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ rẹ̀ pé kó lọ máa lẹ táyà. Ẹnì kan mọṣẹ́ dáadáa, àmọ́ ọmọ ilé ẹ̀kọ́ Ẹ̀gbọ́n ni nígbà kan rí, Jẹ́jẹ́ fúnra rẹ̀ ló kọ̀ ọ́. Báyìí báyìí, ó dé ilé onígéètì aláwọ̀ ewé kan lẹ́yìn ilé ìfìwéránṣẹ́, níbi tí obìnrin kan tó ti lé láàádọ́ta ọdún ti ń ṣiṣẹ́. Kí Àǹtí tó wọlé, ó ti béèrè ìwà obìnrin náà lọ́wọ́ àwọn ará ilé ọ̀tún àti ti òsì.

"Níbo lẹ ti kọ́ṣẹ́? Ta ló kọ́ yín? Ọdún mélòó? Ẹ ní ọkọ?"

"Ọkọ ò sí nínú iṣẹ́ yìí, màmá."

"Ẹ má bínú, ẹnu mi ti mọ́ ọn lára. Ṣé ẹ máa ń fipá mú èèyàn sọ̀rọ̀?"

Obìnrin náà rò ó díẹ̀. "Bí mo bá fipá mú un, kí ni ìyàtọ̀ èmi àti ẹni tó ṣe é léṣe?"

Àǹtí pa ìwé rẹ̀ dé.

* * *

Gbogbo ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ ni Jẹ́jẹ́ fi ń lọ. Ó máa ń gba ẹ̀yìn ilé ìfìwéránṣẹ́ wọlé bí olè. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, Olùtọ́jú bi í léèrè ibi tó fẹ́ kí àga rẹ̀ wà. Ó gbé e lọ síbi tí ẹ̀yìn rẹ̀ á ti kan ògiri, tí yóò sì lè máa rí ilẹ̀kùn. Kò sẹ́ni tó fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọn ò dárúkọ balùwẹ̀ rárá. Igi ni wọ́n ń sọ, oorun ni wọ́n ń sọ, wọ́n ń sọ bí ọrùn rẹ̀ ṣe máa ń le nígbà tí ẹnì kan bá rìn lẹ́yìn rẹ̀.

Lọ́sẹ̀ kẹrin, obìnrin náà ní: "Ẹni tó ti Aránṣọ lọ́jọ́ yẹn, ẹ jẹ́ ká bi í léèrè. Ẹ wo inú yín. Ẹni ọdún mélòó ni?"

Jẹ́jẹ́ fẹ́ sọ pé òun ni, òun ọkùnrin ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Ohun tó jáde ni: "Mẹ́sàn-án."

"Kí ni iṣẹ́ rẹ̀ níbẹ̀?"

"Ó ń ṣọ́ ọrùn mi."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ìgbà náà. Kò tíì sùn."

"Ṣé ó mọ̀ pé ẹ ti dàgbà? Ṣé ẹnikẹ́ni ti sọ fún un rí?"

Jẹ́jẹ́ sunkún. Ó sunkún débi pé ó fi ẹ̀wù nu imú, ojú sì tì í nítorí ẹkún náà ju bó ṣe tì í nítorí ohun tó ń sunkún lé lórí. Olùtọ́jú ò ní kó dákẹ́, kò sì fọwọ́ kàn án. Ó ní kí ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ọmọ náà fún iṣẹ́ tó ti ṣe. Ta ló dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ rí? Èébú nìkan ni Jẹ́jẹ́ ti ń bù ú láti ọjọ́ Sátidé yẹn.

Ó ń nu ojú nígbà tó ń jáde ní géètì, Olùtọ́jú sì dúró sẹ́nu ọ̀nà ń juwọ́ sí i. Ẹni tó ń kọjá lọ ní òdìkejì títì, tó mú lẹ́tà dání tó fẹ́ lọ fi ránṣẹ́, Màmá ni.

Màmá ò pariwo. Ó bi ìyá kan tó ń ta òwú níwájú ilé ọwọ́ òsì léèrè pé ta ni obìnrin yẹn.

"Háà, èèyàn dáadáa ni! Ẹ ò mọ̀ pé wọ́n ti ń wádìí rẹ̀? Alárinà kan wá lóṣù tó kọjá. Ó ní òun fẹ́ mọ ìwà rẹ̀ àti bóyá ó lọ́kọ. Ó jọ pé ọkùnrin káfíńtà tó ń wá yẹn ló rán an."

"Alárinà tó rí báwo?"

"Obìnrin oníwèé pupa kan."

Màmá jókòó sórí àpótí olówùú láìtọrọ àyè. Àbúrò òun tí wọ́n jọ mu ọmú kan náà!

* * *

Lọ́jọ́ kejì, Aránṣọ dúró ní ẹnu ọ̀nà ibi iṣẹ́ Jẹ́jẹ́. Oṣù mẹ́ta ni wọn ò ti fojú kan ara wọn. Àpá ti wà ní ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀.

"Mo ti ń ka ọjọ́," ni Aránṣọ wí. "Mo ní bó pẹ́ bó yá, á wá bẹ̀ mí. Gbogbo ènìyàn ní kí n ya ojú ewé rẹ kúrò nínú ìwé mi, mo kọ̀. Mo ní ẹni tí mo mọ̀ kọ́ ló tì mí yẹn. Àṣé Àǹtí tèmi lo rán lọ fẹ́ ẹlòmíràn fún ọ."

"Kì í ṣe bẹ́ẹ̀."

"Báwo ló wá ṣe jẹ́?"

Jẹ́jẹ́ la ẹnu. Ọkàn kan ní kó sọ ọ́. Ọkàn kejì ní bó bá sọ ọ́, obìnrin yìí á máa wo òun pẹ̀lú àánú títí láé, àánú ò sì ní jẹ́ kí ó lè bá òun ṣe yẹ̀yẹ́ nípa tábìlì mọ́. Ẹnu rẹ̀ padà dé.

Omi lé Aránṣọ lójú, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nù ún. "Màmá ti ránṣẹ́ pe Ẹ̀gbọ́n rẹ. Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Wá. Bí o bá tún dákẹ́ níbẹ̀, màá ya ojú ewé náà níṣojú rẹ."

* * *

Pálọ̀ Màmá kò tóbi. Tìmùtìmù mẹ́fà, aago kan lára ògiri, ẹ̀rọ ìránṣọ àtijọ́ tí wọ́n fi aṣọ bò. Màmá jókòó pẹ̀lú Aránṣọ. Àǹtí jókòó lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ìwé pupa lórí itan, ó pa ẹnu mọ́ bí ẹni tó ti búra. Ẹ̀gbọ́n sì jókòó síbi tí wọ́n máa ń fi àlejò pàtàkì sí, Jẹ́jẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mọ ọ̀rọ̀ ọ́ sọ. Ó ti ń pẹ̀tù sí aáwọ̀ fún ọgbọ̀n ọdún.

"Ẹ̀bẹ̀ ni mo wá bẹ̀, ìyá wa. Ọmọ yìí ò mọ̀ ọ́n ṣe, àmọ́ ọmọ dáadáa ni. Èmi ni mo tọ́ ọ. Kò ní baba, èmi ni baba rẹ̀. Bó bá ṣìwà hù, èmi ni kí ẹ bi, ẹ jẹ́ kí n mú un lọ sílé kí n tún un kọ́." Ó sì nawọ́, tìfẹ́tìfẹ́, bí àwọn àgbà ti máa ń ṣe, ó fi di ẹ̀yìn ọrùn Jẹ́jẹ́ mú, ó mì í díẹ̀.

Gbogbo ara Jẹ́jẹ́ le. Ó gbọ́ aago ara ògiri. Ó gbọ́ omi tó ń kán ní balùwẹ̀ kan tí wọ́n ti wó láti ọdún pípẹ́. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án náà ti gbéra. Jẹ́jẹ́ bá a sọ̀rọ̀ nínú ara rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti kọ́ ọ: *Dúró. O ti gbìyànjú. Jẹ́ kí èmi sọ ọ́.*

"Ẹ̀gbọ́n," ló wí, jẹ́jẹ́. "Ẹ gbé ọwọ́ yín kúrò lọ́rùn mi."

"Kí lo sọ?"

"Ẹ gbé e kúrò."

Ọwọ́ náà kúrò. Jẹ́jẹ́ ò wo ẹnikẹ́ni. Rọ́ọ̀gì ló ń bá sọ̀rọ̀.

"Mo purọ́ fún yín, Màmá. Inú ò bí mi lọ́jọ́ yẹn. Ẹ̀rù ló bà mí. Nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, bí mo bá pẹ́ délé, bí mo bá fọ́ nǹkan, Ẹ̀gbọ́n á mú mi lọ sí balùwẹ̀, á kọ ojú mi sí ògiri, á gba ẹ̀yìn di ọrùn mi mú. Ìka méjì á wà ní ọ̀nà ọ̀fun mi, níbí. Á ní kí n ka oókan dé ọgọ́rùn-ún láìsunkún. Bí mo bá sunkún, á fún un, màá tún un kà. Ó pẹ́ tó ọdún mẹ́rin. Obìnrin ilé onígéètì yẹn, olùtọ́jú ọkàn ni. Àǹtí ló bá mi wá a. Mo ní kó má sọ fún ẹnikẹ́ni torí ojú ń tì mí. Ojú ṣì ń tì mí bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí."

Màmá wo ojú Ẹ̀gbọ́n.

"Ìbáwí ni," ni Ẹ̀gbọ́n wí. "Mo fi sọ ọ́ di ènìyàn ni. Ẹ wò ó, ṣé kò di ènìyàn ni?"

Àǹtí ò lè pa á mọ́ra mọ́. "Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ̀yin àgbà yìí, ẹ̀yin gan-an lẹ mú un wọ́."

Ẹ̀gbọ́n dìde, ó mú fìlà rẹ̀. Kò bẹ̀bẹ̀. Ó dúró díẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni pé Jẹ́jẹ́ máa dìde sin ín, bó ti máa ń ṣe. Jẹ́jẹ́ fẹ́ dìde lóòótọ́, orúnkún rẹ̀ ti gbéra. Ó tún jókòó. Wọ́n gbọ́ tí ilẹ̀kùn ìta pa dé.

Màmá yíjú sí Jẹ́jẹ́.

"Ọ̀rọ̀ yìí dùn mí dé egungun," ló wí. "Ṣùgbọ́n ìgbọ̀nwọ́ ọmọ mi náà ṣẹ̀jẹ̀. Ọgbẹ́ tìrẹ kò pa tirẹ̀ rẹ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. Mo mọ̀."

"Obìnrin yẹn, ṣé ó mọṣẹ́?"

Kí Jẹ́jẹ́ tó dáhùn, Àǹtí ti ṣí ìwé pupa. "Ọdún mọ́kàndínlógún lẹ́nu iṣẹ́. Ó kọ́ ẹ̀kọ́ ọgbẹ́ ọkàn lọ́tọ̀, ó kọ́ ti àwọn ará inú lọ́tọ̀. Kì í pariwo. Kì í fipá múni. Mo béèrè lọ́wọ́ ilé ọ̀tún àti ilé òsì."

"Mo gbọ́ pé o béèrè lọ́wọ́ ilé òsì," ni Màmá wí, ẹ̀rín sì fẹ́ bọ́ lẹ́nu rẹ̀, ó gbé e mì. "A ò ní dá ọjọ́ kankan báyìí. Kó máa lọ sọ́dọ̀ obìnrin náà. Ọjọ́ tí Jẹ́jẹ́ fúnra rẹ̀ bá sọ pé ó tó, ká tún wá sọ̀rọ̀."

"Mo gbà, Màmá."

Aránṣọ sin Jẹ́jẹ́ dé ẹnu ọ̀nà.

"Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

"Ojú ń tì mí."

"Lójú tèmi?"

"Lójú tìrẹ jù lọ."

Obìnrin náà wo ilẹ̀, ó wo òkè. "Tábìlì mi tún ti ń mì," ló wí. "Bó bá yá ọ lára, wá wò ó."

Jẹ́jẹ́ mọ̀ pé tábìlì yẹn ò lè mì. Òun ló tún un ṣe.

* * *

Oṣù mẹ́jọ ló kọjá. Ìtìjú náà ò lọ bí àìsàn ti máa ń lọ. Àwọn Ọjọ́bọ̀ kan wà tó dé ẹnu géètì tó sì yí padà. Ẹ̀gbọ́n ò bá a sọ̀rọ̀ mọ́, àwọn mọ̀lẹ́bí kan sì ń pè é ní aláìmoore, ìyẹn a máa dùn ún dọ́kàn. Ṣùgbọ́n ó ti ń sùn, ẹni tó sì ń ṣọ́ ọrùn rẹ̀ náà ti ń sùn díẹ̀díẹ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ló wọ ṣọ́ọ̀bù. Màmá wà létí fèrèsé, ó ń fi abẹ́rẹ́ rán bọ́tìnnì mọ́ aṣọ.

"Mo wá wọn ọrùn," ni Jẹ́jẹ́ wí.

Ọwọ́ Aránṣọ dúró lórí ẹ̀rọ. Ó dìde, ó gba iwájú wá, ó dúró síbi tí Jẹ́jẹ́ ti lè rí i, ó sì nawọ́ téèpù sí i.

"Ìwọ gbé e sọ́rùn. Èmi á kàn kà á."

Jẹ́jẹ́ gbé e sọ́rùn. Òógùn bò ó. Ó mú orí méjèèjì téèpù pàdé níwájú. Màmá ti gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀.

"Àwọn ìka méjì ńkọ́?" ni Aránṣọ béèrè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Mo lè fi ojú díwọ̀n rẹ̀. Kò pọn dandan."

Jẹ́jẹ́ di ojú. Ó wá ọmọ náà lọ sẹ́nu ọ̀nà níbi tó máa ń dúró sí. Ọmọ náà ti dìde, ó ń wò ó. *Wo ojú ẹni tó ń bọ̀ dáadáa,* ni Jẹ́jẹ́ sọ fún un. *Aránṣọ ni.*

Ó la ojú. "Fi sí i," ló wí.

Ìka méjì wọ abẹ́ téèpù. Wọ́n tutù díẹ̀, ẹfun tí wọ́n fi ń sàmì sí aṣọ wà lára wọn. Jẹ́jẹ́ mí. Ó tún mí. Ẹnikẹ́ni ò ṣubú.

"Mẹ́rìndínlógún ààbọ̀," ni Aránṣọ wí. Ó ṣí ìwé sí ojú ewé tí kò ya, ó sì kọ ọ́ síbi tó ti ṣófo láti ọjọ́ yìí.